Óòtì Ẹnìkan Nínú Ìkòkò Pírẹ́ṣọ̀: Bí Ọ̀lẹ̀ Ni Kí Ẹ Sè É

Yàrá kan ṣoṣo ni mo ń gbé ní Kubwa, l'Ábújà, ẹnu kan ṣoṣo ni mo sì ń dáná fún láàárọ̀. Láti ìgbà tí àwọn aládùúgbò ti rí i pé inú ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ ni mo ń se óòtì mi, ìbéèrè wọn kò tán mọ́. Àgùnbánirọ̀ tó wà ní yàrá kejì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lọ́jọ́ tí tirẹ̀ jóná nísàlẹ̀ tó sì tú sára ògiri lókè. Èmi náà ti nu ògiri rí, nítorí náà n kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ìbéèrè wọn àti ìdáhùn mi nìyí.

Àǹtí, ṣíbí óòtì mẹ́rin péré ni mo dà sínú ìkòkò. Báwo ló ṣe jóná, tó tún ru gba òkè jáde?

Tí omi bá ń hó nínú ìkòkò lásán, ooru rẹ̀ yóò máa fẹ́ lọ, omi náà kò sì ní gbóná kọjá nǹkan bí 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n tí a bá dé e pa, ooru kò rí ibi gbà. Yóò máa ti omi padà, omi yóò sì ní láti gbóná tó nǹkan bí 115 sí 121 kó tó lè hó. Ìyẹn ló ń mú ṣàkì rọ̀ kíákíá. Ọgbọ́n àtijọ́ ni: ará Faransé kan, Denis Papin, ti fi irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ han àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní London ní 1679, eegun ló sì ń sè nínú rẹ̀ títí tó fi rọ̀.

Ìkòkò lítà mẹ́fà ni tìrẹ, o sì bu omi ife kékeré kan sí i. Kí ooru tó kún ibẹ̀, óòtì ti fa omi náà mu. Èyí tó ṣẹ́kù ki, ó rọ̀ sísàlẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ irin, ó jóná.

Ti òkè ńkọ́? Ṣé o mọ bí ògì ṣe máa ń ta pọ́, pọ́, pọ́ tó bá ti ń ki lórí iná? Sítáàṣì ló fà á. Óòtì ní sítáàṣì tirẹ̀, ó tún ní nǹkan yíyọ̀ kan bí ilá. Ooru tó ń wá láti ìsàlẹ̀ kò lè bẹ́ kó jáde, ó di ìfófó, ìfófó ń gun ìfófó títí wọ́n fi dé ihò orí ìdérí. Ìdí nìyí tí ìwé tó máa ń bá ọ̀pọ̀ ìkòkò wọ̀nyí wá fi ń kìlọ̀ nípa óòtì àti makaróni. Ti ògiri kò tó nǹkan. Tí ìfófó bá dí ihò náà pa, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, ìyẹn ni kí o bẹ̀rù.

Ṣé kí n kúkú máa se púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n gbé ìyókù sí fíríìjì?

Fíríìjì wo, pẹ̀lú irú iná tí à ń rí yìí?

Ohun tí màmá rẹ ń ṣe tí wọ́n bá ń se ọ̀lẹ̀ ni kí ìwọ náà ṣe. Wọn kì í da ẹ̀wà lílọ̀ sínú omi. Wọ́n á to pòòpó ewé eéran sí ìdí ìkòkò, wọ́n á bu omi díẹ̀ sí i, wọ́n á wá to ọ̀lẹ̀ lé e lórí, wọ́n á dé e. Omi ń hó nísàlẹ̀, ooru ń se ọ̀lẹ̀ lókè. Ẹ̀wà kò fara kan ìdí ìkòkò, kí ni yóò jó o?

Irin ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú tó bá ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ wá (ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ tiwọn nù) ni pòòpó tìrẹ. Gbé e sí ìsàlẹ̀. Bu omi sábẹ́ rẹ̀, ife kan sí ife kan àtààbọ̀. Ìwé ìkòkò rẹ ni yóò sọ èyí tó kéré jù tó lè gbà. Da óòtì àti omi tirẹ̀ sínú abọ́ irin tí kì í dípẹtà, kí o gbé abọ́ náà lé orí irin. Má lo ike. Abọ́ náà kò gbọdọ̀ fún mọ́ ara ìkòkò, kí ooru lè yí i ká. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìdajì lọ, kí ìfófó lè ní ibi tí yóò gùn sí. Bó bá ru, inú abọ́ ni yóò ru sí. Àní bó bá tiẹ̀ dà sílẹ̀ díẹ̀, inú omi ìsàlẹ̀ ló bọ́ sí.

Omi ìsàlẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ìkòkò, omi inú abọ́ ni ti oúnjẹ rẹ. Bí o bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀ báyìí, ó kù sí ọ lọ́wọ́ bí óòtì ṣe máa kéré tó.

Ìwọ̀n àti ìṣẹ́jú rẹ̀ ńkọ́?

Èyí tó pẹlẹbẹ, tó wọ́pọ̀ nínú agolo àti nínú ọ̀rá ní ọjà Wuse àti Utako: ìdajì ife óòtì, nǹkan bí gíráàmù 40, sí omi ife kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́yìn tí ooru bá ti kún. Èyí tí wọ́n kàn gé wẹ́wẹ́, tó le bí ìrẹsì, fẹ́ omi ìlọ́po mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Fún iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà, pa iná, kí o jókòó. Má tú ooru rẹ̀ jáde tipátipá. Óòtì ṣì ń hó nínú abọ́. Bí o bá ṣí ihò lójijì, gbogbo rẹ̀ yóò ru lẹ́ẹ̀kan náà. Dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kéré tán, títí ìdérí yóò fi gbà kí o ṣí i láìjà. Ó máa dà bí ẹni pé omi léfòó sókè. Rò ó pọ̀, yóò ki.

Mo fẹ́ràn mílíìkì. Ṣé kí n fi sè é?

Rárá, òun náà a máa ru. Tí óòtì bá jinná tán ni kí o da mílíìkì sí i. Èmi máa ń ra nono (mílíìkì kíkan) lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, mo sì ń gé dàbínù méjì mẹ́ta sí i dípò ṣúgà. Àwọn kan ní nono pẹ̀lú óòtì kò bára mu. Wọn kò tíì jẹ ẹ́ ni.

Tí NEPA bá mú iná lọ ní àárín rẹ̀?

Ìkòkò oníná lítà mẹ́fà sábà máa ń gba nǹkan bí 1,000 wáàtì, ìnfátà kékeré kò lè gbé e. Wo píìnì kékeré orí ìdérí, èyí tí ooru máa ń gbé sókè tó bá ti kún. Bó bá ti dìde kí iná tó lọ, má fọwọ́ kàn án: ooru inú rẹ̀ ṣì ń sè é, ó sì ṣeé ṣe kí èyí tó pẹlẹbẹ jinná kí píìnì tó wálẹ̀. Bí kò bá tíì dìde, yọ abọ́, kí o da óòtì sí ìkòkò kékeré lórí gáàsì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Jos ní omi kì í gbóná dáadáa níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Jos ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,200 mítà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, omi sì ń hó ní nǹkan bí 96. Ẹ̀wà tó jinná kíá ní Èkó lè pẹ́ níbẹ̀. Ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ wúlò fún wọn ju àwa ará Abuja lọ. Kí wọ́n kàn fi ìṣẹ́jú kan kún tiwọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sòótọ́: ṣé kò yá jù lórí gáàsì?

Bó bá jẹ́ èyí tó pẹlẹbẹ, ó yá jù. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni lórí gáàsì, bẹ́ẹ̀ ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ lè gba tó bẹ́ẹ̀ kí ooru tó kún rárá. Èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná jù, omi gbígbóná lásán tó o. Èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni èrè rẹ̀ hàn sí, nítorí ó ń gba bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí gáàsì.

Kì í ṣe torí kó lè yá ni mo ṣe ń lò ó. Mo ní láti jáde ní aago mẹ́fà kí gósìlóò tó bẹ̀rẹ̀, n kò sì lè wẹ̀ kí n tún máa ro óòtì. Mo máa ń fi ẹyin méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ lórí irin yẹn, kí n tó wọ balùwẹ̀. Tí mo bá jáde, óòtì àti ẹyin ti jinná.

Ṣé a lè fi acha ṣe é?

Ó dára púpọ̀, ọkà ilẹ̀ Plateau ni, ó sì tètè ń jinná. Omi ìlọ́po méjì tó o. Àmọ́ yanrìn inú rẹ̀ pọ̀: fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó gbé e sínú abọ́.