Bí Owó Ìrànwọ́ Kòrónà Ṣe Dé Ọwọ́ Àwọn Olùsìn Màlúù

Ní Cherry County, ní ìpínlẹ̀ Nebraska lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, koríko ló tẹ́ lọ rẹrẹ, màlúù ibẹ̀ sì pọ̀ ju ènìyàn lọ fíìfíì. Nígbà tí Kòrónà wọ àwọn ilé ìpẹran ńláńlá ní oṣù kẹrin 2020, tí àìsàn ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ dè, àwọn kan nínú àwọn ilé ìpẹran náà ti ilẹ̀kùn. Màlúù tó ti tó tà wá ń dúró, iye owó rẹ̀ lọ́jà já wálẹ̀, oúnjẹ tó ń jẹ kò sì dín kù.

Lóṣù yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde bílíọ̀nù 16 dọ́là fún àwọn àgbẹ̀ àti olùsìn ẹran, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní CFAP (Coronavirus Food Assistance Program), ìyẹn ètò ìrànwọ́ oúnjẹ nítorí Kòrónà. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, wọ́n kéde ìpele kejì, tó lè tó bílíọ̀nù 14. Ìpele kejì yìí ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò dáadáa, torí pé ìṣirò owó àgbẹ̀ ni iṣẹ́ mi, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń rú àwọn ènìyàn lójú.

Dọ́là 55 ni wọ́n san lórí màlúù kan. Olóko fúnra rẹ̀ ló yan ọjọ́ tí wọ́n fi ka ẹran rẹ̀, láàárín ọjọ́ 16 oṣù kẹrin sí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ. Àmọ́ wọn kò ka abo tí wọ́n fi ń bímọ àti akọ tó ń gùn wọ́n. Ẹni tó ní abo 100 pẹ̀lú ọmọ 80, 80 yẹn nìkan ló kọ sí fọ́ọ̀mù: dọ́là 4,400. Tó bá yan ọjọ́ tí àwọn abo kò tíì bí tán, tàbí ìgbà tó ti ta lára àwọn ọmọ, ó ti fi owó sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń bọ́ 3,000 fún ọjà ní tirẹ̀ gba dọ́là 165,000, kò sì tíì dé gbèdéke 250,000 tí wọ́n fi lélẹ̀ fún ẹnì kan.

Èyí ń dùn mí. Mo gbà pé ìjọba fẹ́ kí owó yá, orí ẹran sì rọrùn láti kà. Ṣùgbọ́n orí ẹran kò sọ ẹni tí gbèsè báńkì ti fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ́fíìsì Farm Service Agency, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ètò ìrànwọ́ àgbẹ̀, ní kaúntì (bí ìjọba ìbílẹ̀) olóko ló gba fọ́ọ̀mù. Wọn kò kọ́kọ́ béèrè rìsíìtì. Ìbúwọ́lùwé olóko tó. Àmọ́ nígbà yẹn, wọ́n lè padà wá yẹ ohun tó kọ wò, nítorí náà ìwé tí èèyàn ń kọ ọjọ́ ìbí ẹran sí, ìwé oníṣègùn ẹran àti rìsíìtì ọjà kò gbọdọ̀ sọnù.

Ọ̀rọ̀ owó orí ló kù. Dọ́là 1,200 tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú lọ́dún yẹn kò ní owó orí nínú. Owó CFAP ti àgbẹ̀ ní owó orí nínú, torí èrè oko ni wọ́n kà á sí. Ẹni tó fi ra koríko gbígbẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú èrè rẹ̀. Ẹni tó fi san ojú owó gbèsè báńkì kò lè yọ ọ́, èlé orí gbèsè nìkan ló ṣeé yọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya owó orí sọ́tọ̀ kó tó gbé ìyókù lọ sí báńkì.