Pléètì inú aṣọ ayẹta: ọta wo ló lè dá dúró?

Aṣọ ayẹta rírọ̀ tí wọ́n fi òwú Kevlar hun, ìbọn ìléwọ́ ló wà fún. Ọta ìbọn gígùn máa lù ú já. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki pléètì líle sí àpò iwájú àti ti ẹ̀yìn, kó lè bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Kò dé abẹ́ ikùn, kò sì bo ìhà.

"Ṣé ó le dáadáa?" lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi ọlọ́jà. Ìbéèrè yẹn kò tó. Ọta wo ni wọ́n fi dán an wò? Ní Amẹ́ríkà, àjọ NIJ ló ń gbé ìlànà ìdánwò kalẹ̀. Nínú ìlànà 2008, ọta ìbọn gígùn tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 7.62, ti NATO (ẹgbẹ́ ológun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn), nìkan ni wọ́n ń yìn lu pléètì Level III, ìyẹn ìpele kẹta. Ti Level IV ni ọta tí wọ́n dìídì ṣe láti la irin já. Ìlànà 2023 ló wá mú ìpele tuntun RF1, RF2 àti RF3 dé: RF1 fi ọta AK-47 àti ọta 5.56 tó ń jẹ́ M193 kún ti NATO. RF2 tún fi M855 lé e, èyí tí irin wà ní ṣóńṣó rẹ̀. RF3 gba ipò Level IV.

Àfikún yìí nídìí. Pléètì onírin tó dá ọta NATO ńlá dúró, M193 kékeré lè dá a lu, torí eré rẹ̀ pọ̀. Pléètì oníke, ẹbí ọ̀rá tí à ń kó ọjà sí, fúyẹ́ débi pé ó ń léfòó lómi, ṣùgbọ́n M855 lè gba inú rẹ̀ kọjá. Irin tún láléébù mìíràn: ọta á fọ́ sí i lára, àfọ́kù rẹ̀ á sì ta sí ọrùn àti àgbọ̀n ẹni tó wọ̀ ọ́. Èmi ò ní rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Pléètì seramíìkì, ẹbí àwo tánganran, ló wù mí jù. Ó le ju ọta lọ, òun ló ń fọ́ ọta náà, tòun náà á sì fọ́ lójú ibi tó bà. Ike tàbí òwú ẹ̀yìn rẹ̀ á wá gba èérún. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó já bọ́ o! Ó lè sán lábẹ́ aṣọ tí ojú ò ní rí i, ìyẹn làwọn ológun Amẹ́ríkà ṣe ń fi ẹ̀rọ X-ray yẹ tiwọn wò.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ka ara rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ICW, òun nìkan kò dá tó, àfi kí aṣọ ayẹta rírọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sì wá orúkọ pléètì náà gan-an nínú àkójọ tí NIJ fọwọ́ sí, torí ẹnikẹ́ni ló lè tẹ "NIJ" sára ọjà.