Ìbọn Afẹ́fẹ́ Tó Le Jù Kọ́ Ló Ń Ba Àmì

Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ra ìbọn afẹ́fẹ́ l'Ádó-Èkìtì, ìbéèrè kan náà ló máa ń kọ́kọ́ jáde: "Ṣé ó le?" Ìbéèrè ọdẹ ni. Ẹni tó bá bá ọlọ́dẹ gbélé rí mọ̀ pé ìbọn tí kò le, ẹran á gba ọta tán, á tún bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ yìnbọn sí káàdì tí wọ́n ya àmì sí kò lépa ẹran kankan. Káàdì kì í sá, kì í kú. Ihò tí ọta bá lu sí i nìkan ni wọ́n máa wò. Àwọn tó ń ta ìbọn sì ti mọ ohun tí oníbàárà máa béèrè, ni wọ́n ṣe ń kọ eré tí ọta ń sá gàdàgbà gadagba sára páálí: 1,250 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó rà á á gbé e délé tayọ̀tayọ̀, á yìn ín nígbà mẹ́wàá, ihò mẹ́wàá á sì fọ́n káàkiri káàdì.

Kò sí ẹni tó ṣe é léèmọ̀. Ọta ìbọn afẹ́fẹ́ kò rí bíi ti ìbọn ẹlẹ́tù. Ó ní orí, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ó sì fẹ̀ bíńtín. Afẹ́fẹ́ tó ń fa ẹ̀yìn tó fẹ̀ yìí sẹ́yìn ló ń jẹ́ kí orí rẹ̀ kọjú síbi tó ń lọ. Nígbà tí eré ọta bá kọjá eré ìró, ìyẹn nǹkan bíi 340 sí 350 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, afẹ́fẹ́ tó yí i ká á dà rú. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré tó ju ti ìró lọ, kò ní pẹ́ tí á fi rẹ̀ ẹ́, á tún gba inú ìdàrúdàpọ̀ yẹn kọjá bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀. Ọta fúyẹ́, orí rẹ̀ á máa mì, kò ní í lọ síbi tí wọ́n rán an. Ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí kún un: ọta tó fúyẹ́ jù lọ, tí kì í ṣe òjé, ni wọ́n sábà máa ń fi wọn eré tí wọ́n kọ sára páálí. Kò sẹ́ni tó ń gbé irú rẹ̀ lọ ìdíje.

Ìbọn tí wọ́n ń gbé lọ Òlíńpíìkì ńkọ́? Ọta rẹ̀ ń sá nǹkan bíi 175 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò tó ìdajì ti orí páálí yẹn. Owó rẹ̀ sì lè ra ọ̀pọ̀ irú ìbọn "tó le" yẹn.

Ìdíje ìbọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń yìn láti mítà 10 wọ Òlíńpíìkì ní Los Angeles lọ́dún 1984. Òǹyìnbọn á dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní fara ti ohunkóhun, á sì yìnbọn sí àmì kan tí ojúkò rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan ṣoṣo tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdajì mìlímítà. Ọta fúnra rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4.5, nítorí náà bí etí rẹ̀ bá ti kan ẹ̀kán yẹn, ó ti di mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún wá pín mẹ́wàá yẹn sí wẹ́wẹ́, láti 10.0 dé 10.9, tó fi jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà péré ló wà láàárín ipele kan àti èkejì. Ní Beijing lọ́dún 2008, nígbà tí Abhinav Bindra gba góòlù àkọ́kọ́ tí ọmọ Íńdíà kan dá gbà ní Òlíńpíìkì, 10.8 ni ọta ìkẹyìn rẹ̀. Àárín ọta yẹn kò fi ju ìdajì mìlímítà lọ jìnnà sí ojúkò.

Òfin ìdíje yìí ló gbẹ́ ìbọn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ wúwo ju kílò 5.5 lọ. Kò gbọdọ̀ ní awò awọ̀nàjíjìn lórí. Ihò kékeré kan ní ẹ̀yìn àti òrùka kan níwájú ni ojú máa gbà wo àmì. Ọta rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 4.5, olórí pẹlẹbẹ ni wọ́n sì ń lò kí ihò tó bá lu lè mọ́ roboto, kí ẹni tó ń ka máàkì má baà máa jiyàn. Ìdí ìbọn, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbé, ibi tí ọwọ́ ń dì mú, gbogbo rẹ̀ ló ṣe é sún síwá sẹ́yìn, torí ara ẹni ni wọ́n ń rán ìbọn yìí mọ́. Mo gbà pé ọlọ́gbọ́n ló ṣe ètò náà: wọ́n gba agbára lọ́wọ́ ìbọn, wọ́n gba awò, wọ́n gba ìfaratì, ó wá ku èèyàn nìkan tí wọ́n máa wọ̀n. Ibi tó kù sí ni aṣọ. Jákẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò líle tí wọ́n ń wọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró fúnra wọn, tó fi di dandan kí adájọ́ máa wọn bí aṣọ ṣe nípọn tó. Wọ́n lé ìfaratì jáde níwájú, ó gba ẹ̀yìn wọlé.

Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó mọ ìdí tí ìbọn kan fi dára fún eré kan tí kò dára fún òmíràn, àfi kó wo inú ìbọn oní-sípíríìngì, irú èyí tí wọ́n ń ká lọ́rùn kí wọ́n tó yìn ín. Òun ló wọ́pọ̀ jù lọ, òun náà ló sì ń fìtínà ẹni jù. Bí wọ́n bá ká a, sípíríìngì inú rẹ̀ á fún pọ̀, ìkọ́ kan á sì dì í mú. Kò tíì sí afẹ́fẹ́ kankan tó fún pọ̀ níbẹ̀ o. Ìgbà tí ìka bá fa tírígà ni sípíríìngì máa ti písítìnì síwájú, písítìnì á fún afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀ lójijì, afẹ́fẹ́ yẹn ló máa wá lé ọta jáde.

Ẹ wo odó iyán. Sílíńdà inú ìbọn ni odó, písítìnì ni ọmọ odó, afẹ́fẹ́ ni iṣu. Ẹni tó bá ti gúnyán rí, ta ni kò tíì gún un l'Ékìtì, mọ̀ pé bí ọmọ odó bá balẹ̀, iṣu nìkan kọ́ ló gbọ́. Odó náà á mì. Ìbọn yìí máa ń mì lẹ́ẹ̀mejì. Bí písítìnì bá ti gbéra síwájú, ara ìbọn á sún sẹ́yìn sí èjìká. Bí písítìnì bá wá kan afẹ́fẹ́ tó ti fún pọ̀, tí afẹ́fẹ́ dá a dúró, ìbọn á tún já síwájú. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ọta sì ṣì wà nínú ọ̀pá ìbọn nígbà tí ìjàgbọ̀n yìí bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Odó tí wọ́n gbé sórí sìmẹ́ńtì kì í fò bíi ti èyí tí wọ́n gbé sórí ilẹ̀pa. Bákan náà, ìbọn tí wọ́n gbé lé tábìlì, èyí tí wọ́n gbé lé àtẹ́lẹwọ́, àti èyí tí wọ́n fún mọ́ra pinpin, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọta wọn máa lọ, bí ojú tó wò ó tilẹ̀ jẹ́ ojú kan náà. Ẹni tí kò tíì mọ̀ á rò pé kí òun fún un mọ́ra kó má baà mì ló dára jù. Ó dà bíi kí èèyàn fi ẹsẹ̀ méjèèjì há odó: agbára tó fi há a lákọ̀ọ́kọ́ kọ́ ló máa kù nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, kí ìbọn jókòó lé e láìdì í mú, kí èjìká àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ fara kàn án díẹ̀, kí wọ́n wá jẹ́ kó mì bó ṣe fẹ́, lọ́nà kan náà nígbà gbogbo.

Ta ló sì ń gún odó òfìfo? Àwọn tó ń fa tírígà ìbọn oní-sípíríìngì láìki ọta sí i, ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Kò sí ohun tó máa dá afẹ́fẹ́ dúró, ọmọ odó á lọ fi orí sọ ìdí odó, irin sí irin. Sípíríìngì á kán, awọ iwájú písítìnì á ya. Ọta tó fúyẹ́ jù náà fi díẹ̀ jọ ọ́: iṣu tí kò tó nínú odó.

Àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ rí ọgbọ́n dá sí i. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, ilé iṣẹ́ Feinwerkbau gbé gbogbo irin ìbọn lé ojú irin kékeré kan, tó fi jẹ́ pé bí ìbọn bá mì, irin á yọ́ sẹ́yìn lórí igi ìdí rẹ̀, èjìká kò ní mọ̀. Ilé iṣẹ́ Diana ní tirẹ̀ fi písítìnì méjì sí i, ọ̀kan ń lọ síwájú, èkejì ń lọ sẹ́yìn, wọ́n ń pa ìmìtìtì ara wọn. Ọmọ odó méjì nínú odó kan, tí odó kò sì mì! Lẹ́yìn náà ni èyí tí wọ́n ń fi apá irin fún afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó yìn ín dé. Nínú ìyẹn, kò sí ohun tó ń gún nígbà tí tírígà bá lọ. Iyán ti wà nínú àwo kí wọ́n tó jókòó. Títí dòní, àtijọ́ irú àwọn ìbọn wọ̀nyí tí ara rẹ̀ ṣì le dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ju ìbọn tuntun tó ń pariwo eré lọ, ó sì tún yọ èèyàn nínú wàhálà afẹ́fẹ́.

Torí wàhálà ni. Ìbọn ìdíje òde òní ń lo afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti fún sínú sílíńdà ṣáájú, nǹkan bíi báà 200. Táyà mọ́tò kò ju báà méjì ààbọ̀ lọ. Ẹ̀rọ fọkanáísà kò lè dé ìdajì ìdajì rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ gbé e lọ síbẹ̀. Ní ìlú tó bá létí òkun, ilé ìtajà àwọn olùwẹ̀ abẹ́ omi ni wọ́n ti ń bá wọn kún un. Èkìtì kò sì létí òkun. Ó ku pọ́ńpù ọlọ́wọ́ tó ń mú èèyàn làágùn, tàbí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tó nílò iná. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dán wò: ọ́síjìn inú sílíńdà wẹ́dà tàbí ti ọsibítù. Ọ́síjìn tó fún pọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ó bá kan gírísì inú ìbọn, yóò bú gbàmù. Sílíńdà náà ní ọjọ́ orí. Lẹ́yìn ọdún 10, ìdíje àgbáyé kò gbà á mọ́.

Eré kejì tó gbajúmọ̀ ni ti inú pápá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Pátákó irin tí wọ́n gé bí ẹran ni àmì, ihò kékeré kan wà lára rẹ̀. Bí ọta bá gba inú ihò lọ, ẹran á ṣubú. Ó lè wà nítòsí, ó lè jìnnà tó nǹkan bíi mítà 50, wọn kò sì ní sọ èyí tó jẹ́. Níbí, awò awọ̀nàjíjìn di dandan, iṣẹ́ rẹ̀ sì ju kó mú nǹkan tóbi lọ. Òǹyìnbọn á máa yí àgbá rẹ̀ títí ẹran irin á fi mọ́ kedere, á wá ka iye mítà lára àgbá náà. Ọta olórí ribiti ni wọ́n ń lò, torí olórí pẹlẹbẹ kò mọ ọ̀nà mọ́ bó bá ti jìnnà. Agbára ìbọn náà fi ìlọ́po méjì ju ti mítà 10 lọ, ṣùgbọ́n nínú ìdíje àgbáyé kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi júùlù 16 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi oní-sípíríìngì ṣe é gbọ́dọ̀ ra awò tí wọ́n ṣe fún un. Jíjá síwájú yẹn ti fọ́ ọ̀pọ̀ awò tí ìbọn ẹlẹ́tù kò rí fọ́.

Ilẹ̀ Èkìtì ìbá sì bá eré yìí mu, pẹ̀lú gbogbo òkè wọ̀nyí. Ẹni tó dúró ní ìsàlẹ̀ Olósùnta n'Íkẹ̀rẹ́, tó ń yìnbọn sókè, á rò pé kí òun gbé ìbọn ga sí i torí ọta ń gun òkè. Òdìkejì ni. Bí wọ́n bá yìn ín sókè tàbí sísàlẹ̀, ọta á gba orí àmì kọjá, nítorí jíjìn tó tẹ́jú pẹrẹsẹ láàárín ẹni náà àti àmì ni ilẹ̀ fi ń fa ọta wálẹ̀, kì í ṣe gígùn ọ̀nà tó dagun.

Eré kẹta, ti orí tábìlì, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: mítà 25, ìbọn jókòó lórí ìfaratì, awò ńlá, ìbọn tó wúwo tí ikùn rẹ̀ tẹ́. Atẹ́gùn ni ọ̀tá níbẹ̀, òwúrọ̀ kùtù ló dára jù fún un. Oní-sípíríìngì kò yẹ níbẹ̀. Ìtàn odó tí kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun lé ohun líle ni.

Kí owó tó jáde, kí wọ́n rántí pé òfin Nàìjíríà ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn, ó sì gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Kí ọlọ́wọ́ òsì má ra ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún torí pé ó dínwó. Bí ìbọn bá sì ti dé, kí wọ́n ra agolo ọta bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó yàtọ̀ síra, torí ọta méjì lè jọ ara wọn lójú kí orí ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 4.49, kí ti èkejì jẹ́ 4.51, ọ̀pá ìbọn á sì yan ọ̀kan láàyò. Kí wọ́n yìn wọ́n márùn-ún márùn-ún sí káàdì láti orí àpò yanrìn. Èyí tí ihò márùn-ún rẹ̀ bá wọnú ara wọn ni kí wọ́n wo nọ́ńbà ìdí agolo rẹ̀, kí wọ́n sì ra gbogbo èyí tó ní nọ́ńbà yẹn tí owó wọn bá ká, torí agolo orúkọ kan náà tó bá dé lọ́dún tó ń bọ̀ lè má rí bẹ́ẹ̀.