Rọ́bọ́ọ̀tì kì í bá aláìsàn rọpárọsẹ̀ rìn

Bí rọpárọsẹ̀ (stroke) bá mú àgbàlagbà kan ní Ìkòròdú, kì í pẹ́ tí fídíò kan á fi wọ orí WhatsApp ẹbí: aláìsàn tí wọ́n fi bẹ́líìtì gbé kọ́ sórí ẹ̀rọ, tí irin di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, tí ẹsẹ̀ sì ń gbé tẹ̀ lé ẹsẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká ta ilẹ̀ Ìjẹ̀dé, ká gbé Bàbá lọ sí Íńdíà, rọ́bọ́ọ̀tì á bá wọn dá ẹsẹ̀ wọn padà." Kí owó tó pé, orí bẹ́ẹ̀dì ni Bàbá á wà. Wọ́n á máa fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, ọwọ́ tó rọ á sì máa le, á máa ká kò. Oṣù tó yẹ kí Bàbá fi máa lo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dúró de owó yẹn, ó sì máa ń dùn mí.

Ọpọlọ ni rọpárọsẹ̀ bà jẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan nínú rẹ̀, tàbí kí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ síbẹ̀. Èyí tó kù lára ọpọlọ lè kọ́ iṣẹ́ apá tó bàjẹ́, àmọ́ kò ní í kọ́ ọ bí aláìsàn fúnra rẹ̀ kò bá gbìyànjú, kó tún gbìyànjú, lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n láàárọ̀ lálẹ́ kì í tètè mọ ìrìn rìn.

Ẹ̀rọ bíi Lokomat, tí wọ́n ṣe ní Switzerland, máa ń gbé ìwọ̀n ara, ó sì ń darí ẹsẹ̀. Físíò méjì, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú aláìsàn, á ti làágùn kí wọ́n tó mú ẹni tó sanra gbé ìṣísẹ̀ díẹ̀. Àárẹ̀ kì í mú ẹ̀rọ. Mi ò fojú kéré ìyẹn. Àwọn tí kò tíì lè dá rìn rárá, tí àìsàn wọn kò sì tíì ju oṣù 3 lọ, ló ń ṣe lóore jù, bí wọ́n bá fi kún iṣẹ́ físíò.

Ti ọwọ́ ńkọ́? Ní 2019, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 770 ní Britain. Àwọn kan fi rọ́bọ́ọ̀tì MIT-Manus lo ọwọ́ fún ìṣẹ́jú 45, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ọwọ́ wọn kò wúlò ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n máa ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ.

Èyí tó wù mí kí gbogbo ẹbí mọ̀ ni ìwádìí ti Amẹ́ríkà lórí ìrìn, tó jáde ní 2011. Ènìyàn 408 ni. Wọ́n gbé àwọn kan kọ́ sórí ẹ̀rọ ìrìn tó ń gbé ìwọ̀n ara, àwọn físíò sì ń bá wọn gbé ẹsẹ̀. Àwọn yòókù, ilé wọn ni físíò ń wá bá wọn, tí wọ́n jọ ń ṣe eré ìdárayá. Nígbà tó di ọdún kan, ìrìn ènìyàn 52 nínú 100 ti dára sí i, ti ẹ̀rọ kò sì ju ti ilé lọ.

Nítorí náà, bí dókítà bá ti ní ara aláìsàn balẹ̀, ẹ béèrè físíò ní ọsibítù kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Nílé, ẹ jẹ́ kí Bàbá máa dìde lórí àga, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tún dìde, kí ẹnìkan dúró tì wọ́n kí wọ́n má ṣubú. Ẹ gbé ẹ̀wà síwájú Màmá kí wọ́n fi ọwọ́ tó rọ ṣà á. Á pẹ́, á sì fẹ́ẹ́ ṣe yín bíi pé kí ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ má gbà á. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ já. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé wọn dìde, ẹ má fi ọwọ́ tó rọ fà wọ́n, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ wọ́n lábíyá: èjìká ọwọ́ yẹn tètè ń yẹ̀, ìrora rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí aláìsàn fẹ́ lo ọwọ́ náà mọ́.