Kinit gbà mí, kí ló dé tí ldapsearch kò gbà mí?

Ìbéèrè: Mo ṣe kinit, àṣẹ tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì Kerberos (ètò tó ń jẹ́rìí ẹni tí èèyàn jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), ó gba ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé mi. Àmọ́ tí mo bá fẹ́ wá nǹkan lórí sáfà LDAP (tó ń tọ́jú ìsọfúnni nípa àwọn èèyàn àti ẹ̀rọ), tí mo tẹ `ldapsearch -Y GSSAPI -H ldap://192.168.1.20`, ó ń dáhùn pé "Server not found in Kerberos database". Ṣebí sáfà náà ń ṣiṣẹ́, kí ni kò wá rí?

Ìdáhùn: Sáfà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́; orúkọ rẹ̀ ni Kerberos kò rí. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló wà ńbẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì ti máa ń lọ́jú pọ̀. Èyí tí kinit gbà kàn ń jẹ́rìí pé ẹ̀yin nìyẹn lóòótọ́. ldapsearch á mú un tọ KDC lọ, ìyẹn sáfà tó ń pín tíkẹ́ẹ̀tì, láti gba òmíràn tí orúkọ sáfà LDAP wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà IP kọ́ ni wọ́n sábà ń fi forúkọ sáfà sílẹ̀ lọ́dọ̀ KDC. Ẹ pè é lórúkọ kíkún:

`ldapsearch -Y GSSAPI -H ldap://ds1.example.com -b dc=example,dc=com`

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `klist`, tó ń to àwọn tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ìlà méjì ló yẹ kẹ́ ẹ rí, ti tíkẹ́ẹ̀tì tí kinit gbà àti ti sáfà LDAP:

`krbtgt/EXAMPLE.COM@EXAMPLE.COM`
`ldap/ds1.example.com@EXAMPLE.COM`

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré klist yìí. Tó bá jẹ́ krbtgt nìkan lẹ rí, ọ̀dọ̀ KDC tàbí lára orúkọ ni wàhálà wà. Tí ìlà ldap bá ti wà níbẹ̀ tí sáfà ṣì ń kọ̀, ẹ lọ wo keytab, fáìlì tí kọ́kọ́rọ́ Kerberos wà nínú rẹ̀, lórí sáfà: bóyá ètò LDAP kò láṣẹ láti kà á, tàbí kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ ti di ti àtijọ́.

Ìbéèrè: Mo kọ orúkọ kíkún, ibì kan náà la wà.

Ìdáhùn: DNS, ètò tó ń so orúkọ kọ̀ǹpútà mọ́ nọ́ńbà IP, ló ṣeé ṣe kó ń pa orúkọ dà. Kọ̀ǹpútà yín lè fi IP wá orúkọ padà, kó sì bá òmíràn bọ̀. Ẹ fi `rdns = false` sábẹ́ `[libdefaults]` nínú /etc/krb5.conf, kí ẹ sì fi `SASL_NOCANON on` sínú ldap.conf. Méjèèjì ni o, torí àwọn irinṣẹ́ OpenLDAP náà máa ń wá orúkọ padà fúnra wọn.

Ìbéèrè: "No mechanism available" ńkọ́? "Clock skew too great" náà ńkọ́?

Ìdáhùn: Àkọ́kọ́, ẹ kò tíì fi GSSAPI, ohun tó ń jẹ́ kí ldapsearch lo Kerberos, sórí ẹ̀rọ: `libsasl2-modules-gssapi-mit` ni lórí Debian, `cyrus-sasl-gssapi` lórí Fedora. Èkejì, aago yín ti fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀ sí ti sáfà. Ẹ jẹ́ kí chrony, ètò tó ń mú aago bára mu, máa tún un ṣe.

Ìbéèrè: Ṣé kò rọrùn kí n kàn fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sínú àṣẹ ldapsearch tààrà, ìyẹn `-x` pẹ̀lú `-w`?

Ìdáhùn: Ó rọrùn, àmọ́ ẹ má ṣe é. Tí kò bá sí TLS tó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé yín á gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá ní gbangba, á sì tún kù sínú history ṣẹ́ẹ̀lì yín. Kerberos kì í fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ránṣẹ́ rárá. Fún iṣẹ́ tí cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lásìkò tí a dá fún un, ń ṣe lóru, ẹ ṣe keytab fún un, ẹ fi `chmod 600` tì í, kí cron kọ́kọ́ ṣe `kinit -k -t` pẹ̀lú rẹ̀ kó tó pe ldapsearch.