Bí ilé sígínà ojú irin ṣe ń kó wọ yàrá kan ṣoṣo

Nígbà tí wọ́n bá ń tún apá kan títì Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe, tí ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ní láti pín ojú ọ̀nà kan lò, ẹni méjì ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, àsíá lọ́wọ́ kálukú. Bí wọn kò bá lè rí ara wọn, wọ́n lè já ẹ̀ka igi fún awakọ̀ tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń kọjá. Ìgbà tí ẹ̀ka náà bá dé ọwọ́ ẹni tó wà lápá kejì ni òun náà tó mọ̀ pé ọ̀nà ti ṣófo, kó tó jẹ́ kí àwọn tiẹ̀ máa lọ. Kò sí kọ̀ǹpútà ńbẹ̀, kò sí iná mànàmáná, síbẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbọ́n sígínà rélùwéè ti wà nínú ẹ̀ka igi yẹn.

Bíréèkì ló mú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin le ju ti mọ́tò lọ. Awakọ̀ dáńfó tó bá ewúrẹ́ pàdé lójú títì Ìpẹ̀rù lè tẹ bíréèkì, ó sì lè yà fún un. Ọkọ̀ ojú irin kò lè yà. Bó bá ń sáré 150 kìlómítà ní wákàtí kan, ó lè rìn tó kìlómítà kan lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ bíréèkì kó tó dúró. Ojú awakọ̀ kì í sábà ríran jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ní láti bá a ríran, ilé sígínà sì ni ẹni náà máa ń wà.

Ilé kékeré alájà kan ni ilé sígínà àtijọ́ sábà máa ń jẹ́, fèrèsé yí i ká, kí òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ lè máa wo ojú irin lọ́tùn-ún lósì. Lókè, àwọn ọ̀pá irin tò lọ bí igi ọgbà. Bí òṣìṣẹ́ bá fa ọ̀kan, wáyà yóò gbé apá sígínà tó wà lórí òpó níta. Bó bá fa òmíràn, irin gígùn kan yóò ti oríta irin, ìyẹn ibi tí ojú irin ti pín sí méjì, láti apá kan sí èkejì. Agbára apá ènìyàn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ilé kan kò fi lè darí ju àyíká ara rẹ̀ lọ. Wáyà tó bá gùn jù yóò wúwo, oòrùn yóò sì nà án. Nítorí náà ilé sígínà ní láti pọ̀ káàkiri ìlú. Ọ̀kan ṣì wà ní Shrewsbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ́ ní 1903, tí ọ̀pá inú rẹ̀ jẹ́ 180.

Abẹ́ pákó tí òṣìṣẹ́ dúró lé ni ọgbọ́n gidi wà. Ní 1856, John Saxby gba ìwé ẹ̀tọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ètò tó so oríta irin àti sígínà pọ̀ kí wọ́n má baà ta ko ara wọn. Bí ètò náà ṣe wá gbòòrò, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gé eyín sí lára ló ń kọ́ ara wọn lábẹ́ ọ̀pá wọ̀nyí. Bí a bá ti fa ọ̀pá kan jáde, ó ti ti òmíràn pa. Bí oríta irin bá kọjú sí apá òsì, ọ̀pá sígínà tó yẹ kó sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ sí apá ọ̀tún kò ní mì, bí ọkùnrin mẹ́wàá tilẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn. Òṣìṣẹ́ lè máa tòògbé, ó lè máa ronú owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Irin kò gbà fún un láti ṣi í ṣe.

Àbùkù kan ló kù. Irin abẹ́ pákó mọ ibi tí oríta kọjú sí, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ wà lójú irin. Orí ènìyàn ni ìmọ̀ yẹn wà. Ilé sígínà kan á lu agogo sí èkejì láti béèrè bóyá ọ̀nà ṣófo, èkejì á dáhùn. Nígbà tí ọkọ̀ bá kọjá, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wo ìdí rẹ̀ dáadáa láti rí àtùpà pupa tó máa ń wà lára kẹ̀kẹ́ ìkẹyìn. Bí kò bá rí àtùpà náà, a jẹ́ pé apá kan ọkọ̀ lè ti já sẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ sọ pé ọ̀nà ti ṣófo.

Ní Quintinshill, ní Scotland, ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 1915, wọ́n dá ọkọ̀ èrò kan dúró sójú irin ńlá, níwájú ilé sígínà gan-an. Òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú ọkọ̀ yẹn ló wọ̀ wá síbi iṣẹ́. Ó gbàgbé rẹ̀. Ó gba ọkọ̀ tó kó àwọn ọmọ ogun láyè láti máa bọ̀. Ọkọ̀ náà kọlu èyí tó dúró, ènìyàn tó lé ní 200 ló kú. Ẹni tó bá ń bínú pé wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn fún ẹ̀rọ, ó yẹ kó rántí àárọ̀ ọjọ́ yẹn kó tó sọ̀rọ̀.

Ohun tó lè gba irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn ti wà ṣáájú ìgbà náà. William Robinson, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1872. Wọ́n á pín ojú irin sí abala abala. Ní ìbẹ̀rẹ̀ abala kan, bátìrì á máa rán iná díẹ̀ gba inú irin apá kan. Ní ìparí abala, iná náà á gbé irin kékeré kan dúró nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní rílè, á sì gba inú irin apá kejì padà. Tí irin kékeré yẹn bá ti wà lókè, abala ṣófo. Bí ọkọ̀ bá wọlé, táyà rẹ̀ àti ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ irin, á gé ọ̀nà kúkúrú fún iná. Iná kò ní dé ọ̀dọ̀ rílè mọ́. Irin kékeré á já wálẹ̀, sígínà á di pupa.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ìwúwo irin kékeré yẹn fúnra rẹ̀ ló ń já a wálẹ̀, kò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí bátìrì bá kú, yóò já wálẹ̀. Bí wáyà bá já, bí olè bá gé e, bí irin bá kán sí méjì, irin kékeré á já wálẹ̀ náà ni, sígínà á sì pupa. Àwọn tó ṣe é kò purọ́ fún ara wọn pé nǹkan wọn kò ní bàjẹ́. Wọ́n kàn ṣètò pé ibi tí yóò bàjẹ́ sí ni ibi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni. Àwa tí a ti rí oríṣiríṣi ẹ̀rọ tó ń bàjẹ́ sí ibi tó burú jù yẹ kí a mọyì èyí.

Nígbà tí ojú irin ti lè sọ fúnra rẹ̀ pé ọkọ̀ wà lórí òun, kò tún pọn dandan kí ènìyàn jókòó síbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí i. Mọ́tò iná lè ti oríta irin, wáyà tẹlifóònù lè gbé àṣẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní 1927, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í darí oríta àti sígínà ojú irin gígùn láti ìdí tábìlì kan. Ní Bìrìtéènì, iṣẹ́ náà lọ díẹ̀díẹ̀, títí Network Rail, tó ń bójú tó ojú irin níbẹ̀, fi kéde ètò pé iṣẹ́ ilé sígínà tó lé ní 800 yóò kó wọ gbọ̀ngán ìdarí 14, tí wọ́n tún dín kù sí 12 lẹ́yìn náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú yóò ti máa ka owó oṣù tí wọn kò ní san mọ́, kò sì jẹ̀bi.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń wo fọ́tò gbọ̀ngán wọ̀nyí máa ń ṣì mú. Wọ́n rò pé ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló ń dáàbò bo àwọn ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́. Bó bá tẹ̀ ẹ́ pé kí ọkọ̀ kan gba ọ̀nà kan, ẹ̀rọ mìíràn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé oríta kọjú síbi tó yẹ, ṣé abala ṣófo, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tó dábùú rẹ̀? Bí ọ̀kan kò bá pé, kò ní dá a lóhùn. Ẹ̀rọ yìí ni arọ́pò àwọn irin eléyín tó wà lábẹ́ pákó níjọ́sí. Rílè lọ́pọ̀ yanturu ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà. Ní 1985 ni Leamington Spa, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tó jẹ́ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ń ṣe ìṣirò kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá sọ ohun tó yàtọ̀ sí ti méjì yòókù, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Ará Ìjẹ̀bú tó mọ bí ẹẹ́ta ti ṣe pàtàkì tó nínú awo Òṣùgbó lè rẹ́rìn-ín músẹ́ sí nọ́ńbà mẹ́ta yẹn.

Pípààrọ̀ ètò àtijọ́ sí tuntun gan-an ni iṣẹ́ tó ń fúnni lórí fífọ́, nítorí pé ọkọ̀ kò lè dúró dè wọ́n. Wọ́n á ri wáyà mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé àpótí irin kalẹ̀ lẹ́bàá ojú irin, wọ́n á ri òpó sígínà tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, wọ́n á sì bo ojú rẹ̀ kí awakọ̀ má baà ṣèèṣì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Wọ́n á kọ gbogbo ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà sínú tábìlì ńlá kan, wọ́n á sì dán ìkọ̀ọ̀kan wò, pàápàá èyí tí ètò gbọ́dọ̀ kọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ti ojú irin pa ní òpin ọ̀sẹ̀ tàbí nígbà Kérésì, wọ́n á tú wáyà ọ̀pá àtijọ́, wọ́n á ṣí ojú sígínà tuntun, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Ilé àtijọ́ á di wíwó, àyàfi bí ìjọba bá ti kọ ọ́ sí àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ojú irin kò gba Rẹ́mọ kọjá. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ sí Ìbàdàn, ti tuntun oní-157 kìlómítà tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021 sì gba ọ̀nà yẹn náà. Kàkà bẹ́ẹ̀, orúkọ ọmọ Rẹ́mọ ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀: Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́ ní Mọniyà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ náà, ní Kájọlà, àti Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìsarà, ní Abẹ́òkúta. Láti 2024, ọkọ̀ Red Line ti Èkó ń bá ọkọ̀ Ìbàdàn pín ojú irin kan náà láti Agbado wọ ìlú. Irú ibẹ̀ ni gígùn abala ti ń di owó. Bí abala bá gùn tó kìlómítà mẹ́wàá, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè wà nínú gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá gé e sí márùn-ún, ọkọ̀ lè máa tẹ̀lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí.

Àìdára kíkó ìdarí jọ sójú kan ni pé ẹyin ti pọ̀ jù nínú apẹ̀rẹ̀ kan. Bí ilé sígínà kan bá jóná láyé àtijọ́, àyíká rẹ̀ nìkan ló dúró. Lónìí, wáyà kan tí olè gé lè mú kí sígínà ìlú mẹ́rin pupa. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rán wáyà, kí ọ̀rọ̀ lè gba ẹ̀yìn bí iwájú bá dí, tí bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ fi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ẹni tó wà nínú gbọ̀ngán kò sì rí màlúù, kò rí èéfín lábẹ́ kẹ̀kẹ́, kò rí àtùpà ìdí ọkọ̀. Ẹ̀rọ òǹkà ni wọ́n fi ń rọ́pò ojú yẹn níbi púpọ̀: á ka iye táyà tó wọ abala, á ka iye tó jáde, bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, sígínà á wà ní pupa. Bí òǹkà náà bá ṣì í kà, wọn kì í kàn pa á kí wọ́n sì tún un tàn. Wọ́n á pe awakọ̀ ọkọ̀ tó kàn lórí ẹ̀rọ, wọ́n á fún un láṣẹ kó kọjá sígínà pupa, kó rọra máa wọ́ lọ ní ìwọ̀n tó lè dúró síwájú ohunkóhun tó bá rí. Ìgbà tí ọkọ̀ yẹn bá gba abala já, tí iye táyà tó wọlé àti èyí tó jáde sì bára mu, ni òǹkà yóò tó gbà pé ibẹ̀ ti ṣófo.