Purotéènì Rab

Purotéènì Rab ni àwọn purotéènì kéékèèké tó ń darí bí ẹrù ṣe ń lọ láti ibì kan sí ibòmíràn nínú sẹ́ẹ̀lì. Ara ẹbí purotéènì ńlá tí wọ́n ń pè ní Ras ni wọ́n. Oríṣi Rab tó wà lára èèyàn lé ní 60. Ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ní 11. Sẹ́ẹ̀lì ní àwọn ibi tí awọ fẹ́lẹ́ bò bíi yàrá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí yàrá kan tí kò ní Rab tirẹ̀, Rab yìí ni sẹ́ẹ̀lì sì fi ń dá yàrá kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn.

Inú ìwúkàrà ni iṣẹ́ wọn ti kọ́kọ́ hàn kedere. Ní 1987, Antti Salminen àti Peter Novick ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí Sec4, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn Rab ìwúkàrà, bá ti bàjẹ́, àwọn àpò tó yẹ kí wọ́n tú ẹrù síta á kàn máa kó jọ sínú sẹ́ẹ̀lì ni. Ọdún yẹn náà ni àwọn onímọ̀ ní Faransé rí àwọn jíìnì tó jọ Ras nínú ọpọlọ eku, ibẹ̀ ni orúkọ Rab ti wá (Ras àti “rat brain”, ìyẹn ọpọlọ eku).

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Púpọ̀ nínú ẹrù inú sẹ́ẹ̀lì kì í dá rìn. Inú àpò kéékèèké tí awọ fẹ́lẹ́ bò ni wọ́n ń kó o sí. Àpò náà á já kúrò lára awọ kan, á gba orí okùn inú sẹ́ẹ̀lì lọ, á sì lẹ̀ mọ́ awọ mìíràn. Rab lọ́wọ́ sí gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tí àpò bá ti ń já títí dé ìgbà tó bá gúnlẹ̀.

Rab tó bá di GTP mú, èròjà kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì, ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá di GDP mú, ìyẹn ohun tí GTP ń dà bí wọ́n bá gé e, ti dákẹ́. Àwọn purotéènì tí wọ́n ń pè ní GEF ló ń bá a yọ GDP kí GTP lè wọlé. Rab fúnra rẹ̀ lè gé GTP sí GDP, àmọ́ ó máa ń falẹ̀ gan-an, àwọn purotéènì tí wọ́n ń pè ní GAP ló ń mú kó yá. Ìrù Rab sì tún ní ọ̀rá, ẹ̀wọ̀n méjì lọ́pọ̀ ìgbà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kábọ́ọ̀nù 20, òun ló fi ń rọ̀ mọ́ awọ. Ọ̀rá kò bá omi inú sẹ́ẹ̀lì rẹ́, nítorí náà purotéènì mìíràn, GDI, ló máa ń bo ìrù náà, tí á sì gbé Rab tó ti dákẹ́ padà síbi tó ti máa tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Rab1 ló ń bójú tó ọ̀nà tó lọ sí Golgi, yàrá tí sẹ́ẹ̀lì ti ń to ẹrù. Rab3 wà lára àwọn àpò tó ń tú èròjà síta ní ẹnu iṣan ọpọlọ. Rab10 wà lára àwọn tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá gba ṣúgà wọlé bí ínsúlínì bá ti dé. Ti Rab5 àti Rab7 ló wuni jù láti wò. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì bá gbé mì máa ń kọ́kọ́ dé yàrá tí Rab5 wà lára rẹ̀. Ní 2005, ẹgbẹ́ Marino Zerial ní Dresden, Jámánì, fi maikirosikópù wo yàrá kan ṣoṣo, wọ́n sì rí i tí Rab5 ń dínkù lára rẹ̀ bí Rab7 ṣe ń pọ̀ sí i. Kì í ṣe pé ẹrù kó lọ sí yàrá mìíràn. Yàrá náà gan-an ló yí padà, kó tó dé ọ̀dọ̀ lysosome tí wọ́n ti ń lọ ẹrù náà kúnná.

Nígbà tí wọ́n bá bàjẹ́

Àìsàn Griscelli, àìsàn àbínibí kan, ló fi iṣẹ́ Rab hàn lójú kòrókòró. Ohun dúdú tó ń pa irun àti awọ ara láró máa ń wà nínú àpò. Rab27A wà lára àpò yìí, ó di purotéènì melanophilin mú, èyí náà sì di myosin Va mú, purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ bíi mọ́tò, tó ń fa àpò náà lọ sí etí sẹ́ẹ̀lì. Ní 2000, àwọn onímọ̀ ní Paris rí i pé jíìnì RAB27A ló bàjẹ́ lára àwọn tó ní irú kejì àìsàn yìí. Irun ọmọ tó ní in máa ń ní àwọ̀ fàdákà, bí wọ́n bá sì gbé fọ́nrán kan sábẹ́ maikirosikópù, aró á ti dì gììrì-gììrì nínú rẹ̀. Irun kọ́ ló ń pa ọmọ. Rab27A kan náà ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun fi ń tú oró tó fi ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ti kó àrùn, àìsí rẹ̀ sì ń sọ agbára ìdáàbòbò ara di ìdàrúdàpọ̀ tó lè la ẹ̀mí lọ, àfi tí wọ́n bá pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun. Bó bá jẹ́ melanophilin ló bàjẹ́, àwọ̀ nìkan ló ń yí padà.

Nínú choroideremia, àìsàn ojú àbínibí kan, purotéènì REP-1 tó ń sin Rab tuntun lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá sí ìrù rẹ̀ ni kò sí. REP-2 tó jọ ọ́ ń dí àlàfo náà níbòmíràn lára, àmọ́ ojú kò rí i gbé. Orí krómósómù X ni jíìnì náà wà, ọkùnrin ló sì ń jìyà rẹ̀ jù: wọn kì í ríran dáadáa lálẹ́ ní kékeré, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ ojú á máa kú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti gbìyànjú láti fi jíìnì tó dá ṣáká sínú ojú láti 2011 ní Oxford, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ńlá tó parí ní nǹkan bí 2021 kò dé ibi tí wọ́n fojú sùn.

Ìyípadà nínú RAB7A ń fa irú àìsàn iṣan Charcot-Marie-Tooth kan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kú tipiri, tí egbò sì ń dá sí i. Ní ti àìsàn Parkinson, tó ń mú ara gbọ̀n, ó hàn ní 2016 pé ẹ́ńsáìmù LRRK2 ń lẹ fọ́sífétì mọ́ Rab8 àti Rab10 pẹ̀lú àwọn mìíràn. Bí LRRK2 bá ti yí padà, ó máa ń lẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, GDI kò sì ní lè gbé Rab wọ̀nyẹn dáadáa mọ́.

Àwọn kòkòrò àrùn pàápàá mọ ọ̀nà yìí. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ń dá yàrá tó wà nínú rẹ̀ dúró ní ìpele Rab5, kí wọ́n má bàa lọ̀ ọ́ kúnná. Salmonella Typhi tó ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun, tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní Nàìjíríà, kì í lè gbé inú eku. Ní 2012, Stefania Spanò àti Jorge Galán ní Yunifásítì Yale, Amẹ́ríkà, fi hàn pé Rab32 wà lára ohun tó ń ṣèdíwọ́ fún un. Salmonella Typhimurium, ìbátan rẹ̀ tó lè gbé inú eku, ní ẹ́ńsáìmù GtgE tó ń gé Rab32 já. Typhi kò ní in. Nígbà tí wọ́n fi GtgE kún Typhi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú nínú sẹ́ẹ̀lì eku.